Ẹ Má Pa Ìpè Rẹ́, Ẹ Má sì Fi Dandan Lé E: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀gá Tó Ń Bójú Tó Ọ̀rọ̀ Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní gbogbo iléeṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àwa èèyàn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹjọ́ ni, ìbínú ni, ìbéèrè tí ẹ dáhùn lánàá tún ni. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bú ẹnikẹ́ni. Ìpinnu kan wà tí ẹ máa ń ṣe nínú ìpàdé yín, tí ẹ kì í pè wá sí, tó sì jẹ́ pé àwa ló máa ń já lé léjìká. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìpinnu náà ni bí a ó ṣe máa bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú yín ti yọ nọ́ńbà fóònù kúrò pátápátá. Ohun tó kù ni àpótí kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀, tí wọ́n ní ká kọ ẹjọ́ wa sí. Àwọn mìíràn kò sì gbà kí èèyàn kọ ohunkóhun. Bó jẹ́ àdírẹ́sì lásán lèèyàn fẹ́ yí padà, wọ́n á ní àfi kó pè, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Tọ̀tún tòsì wọn ló gbà pé òun ti yanjú àríyànjiyàn àtijọ́ yẹn: èwo ló sàn jù, àtẹ̀jíṣẹ́ àbí ìpè? Lójú tèmi, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n mú.

Mo mọ ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi ń wù yín. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí fóònù, ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ó ń tẹ̀ ẹ́ ni, ó lè dá èèyàn mẹ́ta mẹ́rin lóhùn pa pọ̀: bí ọ̀kan ṣe ń wá rìsíìtì rẹ̀ kiri, yóò ti fèsì fún èkejì. Bí ẹ bá tún wá fi ẹ̀rọ rọ́pò òṣìṣẹ́ náà, ẹgbẹ̀rún èèyàn lè kọ̀wé wọlé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ariwo wọn. Ọ̀rọ̀ owó ni, mi ò sì ní kí ẹ má ṣọ́ owó yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún wa láìfepo bọyọ̀. Ẹ yé kọ ọ́ síbẹ̀ pé "nítorí ìrọ̀rùn ẹ̀yin oníbàárà wa" lẹ fi ṣe é.

Èmi alára, àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹnì kan tí àárò fóònù olókùn ń sọ ló jókòó tó ń kọ̀wé yìí. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí òṣìṣẹ́ yín bá ní kéèyàn ka nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ lórí fóònù.

"B, 7, S, F, 4."

"Ẹ ní P, 7, F, F?"

"Rárá, B. B bíi ti bàbá. Lẹ́yìn náà, S."

"Ó ti yé mi. B, 7, F, S..."

La bá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ariwo ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ariwo ń bẹ lẹ́yìn mi, àwa méjèèjì sì ti ń pariwo mọ́ra wa bí ẹni tó ń jà. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ṣètò fóònù pé kó máa gbé kìkì ohùn tó wà láàárín nǹkan bíi 300 sí 3,400 hertz (ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) kọjá, torí ìyẹn ti tó kí ọ̀rọ̀ fi yé èèyàn, ó sì ń jẹ́ kí ìpè púpọ̀ lè jọ gba ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí etí fi ń mọ S yàtọ̀ sí F, òkè ibẹ̀ ló wà. Wọ́n ti gé e dànù kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Irú wàhálà àgbọ́ìgbọ́tán bẹ́ẹ̀ ló mú kí àwọn awakọ̀ òfurufú máa pe A ní Alfa, kí wọ́n máa pe B ní Bravo. Àwọn fóònù kan lóde òní máa ń gbé ohùn tó ga tó nǹkan bíi 7,000 hertz, ó sì máa ń dùn ún gbọ́. Àmọ́ tí fóònù ọ̀kan nínú àwa méjèèjì kò bá lè ṣe é, tàbí tí nẹ́tíwọọ̀kì kò gbà á, ibi tá a wà tẹ́lẹ̀ náà la ó padà sí.

Nọ́ńbà yẹn kan náà, kí n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó parí. Ó dé bí mo ṣe kọ ọ́, ó sì wà níbẹ̀. Mo lè padà wò ó lọ́la, mo lè fi han ẹlòmíì, mo lè fi gbé yín lọ sí kóòtù tó bá di pé ẹ sẹ́. Orúkọ oògùn, iye owó, àdírẹ́sì, ọjọ́ àti aago tí ẹ ní kí n wá: kò sí èyí tó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ẹnu kà sí mi létí nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó pilẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe fẹ́ kó rí. Ní 1985, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedhelm Hillebrand jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ gbólóhùn tó bá wá sí i lọ́kàn, ó sì ń ka iye lẹ́tà, àmì àti àlàfo tó wà nínú wọn. Ó rí i pé ohun téèyàn fẹ́ sọ kì í sábà kọjá 160. Ó bọ́ sí i gan-an, torí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa gbà jẹ́ ọ̀nà tóóró tí fóònù àti nẹ́tíwọọ̀kì fi ń ta ara wọn lólobó pé ìpè kan ń bọ̀. Báìtì 140 (báìtì ni ìwọ̀n àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń kó ọ̀rọ̀ sí) ni wọ́n rí lò níbẹ̀, tí lẹ́tà 160 sì lè há sínú rẹ̀ bí wọ́n bá fún wọn pọ̀. Lẹ́tà tí kò sí nínú àkójọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bíi ẹ àti ọ tiwa, tàbí lẹ́tà Lárúbáwá àti ti Ṣáínà, ń gba àyè púpọ̀ sí i, débi pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn á já 160 yẹn sí 70. Ẹni tó bá ń fi àmì sórí èdè rẹ̀ dáadáa á tètè rí i pé àtẹ̀jíṣẹ́ ẹyọ kan ti di méjì.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1992 ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Neil Papworth ló fi kọ̀ǹpútà kọ "Merry Christmas" sí fóònù Richard Jarvis. Jarvis kò lè fèsì, torí fóònù ọwọ́ rẹ̀ kò ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. (Àwọn kan wà nínú yín tí wọn kò tíì kúrò ní ọjọ́ yẹn: wọ́n á kọ̀wé sí wa látorí nọ́ńbà tí kò gba èsì, wọ́n á wá fi "ẹ jọ̀ọ́ ẹ fèsì" parí rẹ̀.)

Àtẹ̀jíṣẹ́ tún ní sùúrù. Tí fóònù mi bá kú, ọ̀rọ̀ yín á lọ jókòó sí àárín gbùngbùn nẹ́tíwọọ̀kì, á máa dúró dè mí títí n ó fi tàn án, bí kò bá ti pẹ́ jù. Ìpè kò mọ irú ìyẹn. Àfi kí ọwọ́ àwa méjèèjì dilẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù lápá ibí yìí ni ti àwọn tí kò lè pè rárá. Alexander Graham Bell tó gba ìwé àṣẹ fóònù lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹta 1876, olùkọ́ àwọn adití ni. Etí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Mabel, tó fẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, adití ni. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe wá di ohun tí ìyàwó ilé rẹ̀ kò lè lò. Bí fóònù ṣe wọ ilé àti ọ́fíìsì, tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ní "ẹ pè wá", adití ní láti lọ bẹ ẹlòmíì kó bá òun gbọ́, kó sì gbé àṣírí ara rẹ̀ lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Ọdún 1964 ni Robert Weitbrecht, onímọ̀ físíìsì tí òun náà jẹ́ adití, tó ṣe ohun èlò tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí okùn fóònù. Ọdún 88 kọjá láàárín. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wá dé sí fóònù gbogbo ènìyàn, adití àti ẹni tó ń gbọ́ràn wá bọ́ sórí ẹ̀rọ kan náà, láìsí alágbàsọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ní "ẹ pe nọ́ńbà yìí ká lè mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni", ẹ bi ara yín léèrè ta lẹ ń bá wí. Adití tó bá ní kí àbúrò òun bá òun pè yóò gbọ́ pé òṣìṣẹ́ yín ní òun kò lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì náà. Ẹ ò rí i pé ẹ ti tì í mọ́ta? Akólòlò ń jìjàkadì pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ yín ti ń sọ pé, "A ò gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," lẹ́yìn náà ó gé e. Ẹni tó wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú kò lè gbé fóònù sétí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lábẹ́ aṣọ.

Àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì ti rí èyí. Ní Amẹ́ríkà, Black Hawk County ní ìpínlẹ̀ Iowa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ sí 911, ní 2009. Ohun tí FCC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ń sọ fún ará ìlú ni pé kí wọ́n pè tí wọ́n bá lè pè, kí wọ́n kọ̀wé tí wọn kò bá lè pè. Ọ̀rọ̀ náà mọ níwọ̀n, ó sì wù mí. Ìpè ni wọ́n fi ṣáájú, torí ẹni tó gbé e á gbọ́ bí ẹ̀mí èèyàn ṣe ń lọ sókè sódò, á gbọ́ ariwo ẹ̀yìn rẹ̀, á sì béèrè nǹkan méjì mẹ́ta kí ojú tó ṣẹ́. Síbẹ̀ wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè là lásìkò yẹn. Bí àwọn tí ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ wọn bá lè fi méjèèjì sílẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀yin tí ẹjọ́ owó oṣù wà lọ́wọ́ yín kò fi lè ṣe é?

Ó wá ku ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń jáni kulẹ̀, tí ẹ̀yin tí ẹ yọ nọ́ńbà yín kò fẹ́ gbọ́.

Iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì fún oṣù kan ṣoṣo. Mo wọ inú àpótí wọn, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ ti yọ owó oṣù yìí lẹ́ẹ̀mejì." Àmì tóótòòtó mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú fóònù. Èsì dé: "Inú wa dùn láti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín! Ṣé owó lẹ fẹ́ san ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ṣé iye tí ẹ jẹ lẹ fẹ́ mọ̀ ni?" Nígbà tó pẹ́, èèyàn gidi dé, ó kí mi dáadáa, ó ní kí n fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ó dákẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ ṣiṣẹ́ mi, torí ohun tí wọ́n sọ pé ó dára nínú àtẹ̀jíṣẹ́ nìyẹn, àbí? Ìgbà tí mo padà dé, mo bá a níbẹ̀ pé: "Níwọ̀n bí a kò ti gbúròó yín mọ́, a ti pa ẹjọ́ yìí dé." Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì ló dé, òun náà ní kí n fi ẹ̀rí ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí nọ́ńbà kan tí wọ́n fi pamọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àdéhùn wọn. Mo pè é. Obìnrin tó gbé e jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀, ó wá já lu ọ̀rọ̀ mi pé: "Ẹ dákun, ṣé ẹ pààrọ̀ káàdì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ti àtijọ́ ṣì wà lórí àkáǹtì yín?" Mo ní mi ò mọ̀. "Ó wà níbẹ̀. Méjèèjì ló san án." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó béèrè káàdì lọ́wọ́ mi nínú gbogbo ìwé tí mo kọ, torí mo ti sọ ẹjọ́ mi bí mo ṣe rò pé ó rí, wọ́n sì ń fèsì ohun tí mo kọ. Òun gbọ́ ohun tí mi ò kọ.

Kì í ṣe pé obìnrin yìí gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ohùn ló fún un láyè. Ní 2009, àwọn onímọ̀ èdè tẹ ìwádìí kan jáde lórí èdè mẹ́wàá káàkiri ayé. Wọ́n wo bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹni tá a bi ní ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èdè kan sí èkejì kò sì pọ̀. Àlàfo yẹn kéré débi pé ẹni kejì ti ní láti máa múra èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó dákẹ́. Nínú ìyára bẹ́ẹ̀, "ẹ̀n?" kan ṣoṣo tó láti dá èèyàn padà síbi tó ti ṣì í sọ. Nínú àpótí yín, "ẹ̀n?" yẹn lè gba ìdajì ọjọ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ojú kò bá sí níbẹ̀, ohùn ló kù. Bí ohùn náà bá tún lọ, kí ni òǹkàwé fẹ́ fi mọ̀ bóyá inú ń bí mi tàbí mo ń ṣàwàdà? Justin Kruger àti Nicholas Epley pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ èyí wò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn, kí àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, kí àwọn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ àpara tó ní ẹ̀gún nínú. Àwọn tó kọ tiwọn nínú íméèlì fọwọ́ sọ̀yà pé á yé ẹni tó bá kà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó kà á kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń méfò lọ, nígbà tí àwọn tó gbọ́ ohùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ń fa èyí ni pé ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú bó ṣe ń kọ ọ́ lọ, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ohùn náà kò bá ìwé dé ọ̀hún.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tòní. Láti 1982 ni Scott Fahlman, olùkọ́ ní Carnegie Mellon, ti dábàá pé kí wọ́n máa fi :-) sí ẹ̀yìn àwàdà, torí àwọn èèyàn tó ń kọ̀wé síra wọn lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ń ṣi ara wọn gbọ́. Àwọn ojú ẹ̀rín yẹn ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún báyìí, a ṣì ń ṣi ara wa gbọ́. Ní Binghamton University, ìwádìí kan tó jáde ní 2015 rí i pé tí èsì kúkúrú nínú àtẹ̀jíṣẹ́ bá ní àmì ìdánudúró lẹ́yìn, àwọn tó kà á gbà pé kò fi bẹ́ẹ̀ tọkàn wá. Àmì kékeré tí tíṣà fi nà wá nílé ìwé pé a kò fi sí i! Ẹ wá wo ohun tí "A ti gbọ́." yín ń ṣe sí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù.

Ìròyìn burúkú ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà nípa rẹ̀. Ní University of Wisconsin–Madison, Leslie Seltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọbìnrin, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ tó ń kó ọkàn sókè, ìyẹn kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ṣe ìṣirò níwájú àwọn tí wọn ò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, àwọn kan rí ìyá wọn, àwọn kan bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn kan bá a kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó kù dá wà. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2012, àwọn tó gbọ́ ohùn ìyá wọn ni kọ́tísọ́ọ̀lù wọn wálẹ̀, ìyẹn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ọkàn kò balẹ̀. Àwọn tó ka ìwé ìyá wọn kò yàtọ̀ sí àwọn tó dá wà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ìyá wọn fi ránṣẹ́, bí ti àwọn tó sọ ọ́ lẹ́nu. Ara kò kà á sí.

Ẹ̀yin kì í ṣe ìyá wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún èèyàn pé àyẹ̀wò rẹ̀ kò dára, pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ìbéèrè tó ti fi ọdún kan dúró dè kò bọ́ sí i. Mo ti rí ẹni tó kà á nínú ìlà méjì pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, lórí ìjókòó láàárín èrò. Kò sí ẹni tó lè bi léèrè pé "kí ló dé?" Ó ń tún un kà, bóyá ìlà kẹta á jáde. Ẹ jọ̀ọ́, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé fóònù. Ẹ jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣáájú pé ẹ fẹ́ pè, kẹ́ ẹ béèrè ìgbà tó wọ̀, kí ìwé sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ kó jẹ́ ohùn ènìyàn ló máa sọ ọ́.

Àwọn kan nínú yín á ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ kò fẹ́ máa pe èèyàn, pé ó ń kó wọn láyà sókè. Mo gbà wọ́n gbọ́. Nicholas Epley tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti Amit Kumar ti wo ìyẹn náà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021. Wọ́n bi àwọn èèyàn bó ṣe máa rí tí wọ́n bá fẹ́ kàn sí ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn èèyàn náà rò pé ìpè á tì wọ́n lójú ju ìwé lọ. Ìgbà tí wọ́n pè tán, kò tì wọ́n lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì sún mọ́ ẹni tí wọ́n pè ju bí àwọn tó kọ̀wé ṣe sún mọ́ tiwọn. Ìbẹ̀rù náà ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣáájú ìpè ló ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ yín lè kọjá rẹ̀ tí ẹ bá dúró tì wọ́n, tí ẹ kò sì gbé aago lé wọn lórí pé ìpè kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú báyìí.

Mi ò wá sọ ìpè di òrìṣà o. Ẹ̀yin náà lẹ bà á jẹ́ lójú wa. "Tẹ 1 fún èyí, tẹ 2 fún ìyẹn", títí dé 9, kó tó wá ní "láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i". Orin kan náà tó ń yí po, tí ohùn kan ń já lù ú pé "ìpè yín ṣe pàtàkì sí wa". Tó bá ṣe pàtàkì, ẹ gbé e. Ìpè òjijì láti nọ́ńbà tí a kò mọ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé mọ́, kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu, torí àwọn gbájú-ẹ̀ ń fi orúkọ yín pe àwa kan náà. Wọ́n ń fi orúkọ yín kọ̀wé pẹ̀lú, wọ́n á fi líǹkì sí i. Nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ti ń sín ohùn èèyàn jẹ, ìgbọ́hùn lásán kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó pè ni ẹni tó ní òun jẹ́. Èyí nìkan ti tó láti mú àwọn tó ń fi dandan lé ìpè "nítorí ààbò" ronú lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má sì rò pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti 2013, ló máa yanjú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Lọ́dọ̀ yín, á kó àìdára méjèèjì pọ̀: ẹ ò ní lè já lu ọ̀rọ̀ mi láti béèrè káàdì, èmi náà ò sì ní lè fi ojú wá nọ́ńbà tí ẹ pè nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà yín síbi tí ojú ti lè tó o. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò lè pè parí ohun gbogbo nínú ìwé, títí kan ẹ̀rí pé òun ni òun, láìjẹ́ pé ó wá alágbàsọ. Tí oníbàárà bá ti kọ̀wé tó sì tún un kọ lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò yanjú, kí òṣìṣẹ́ yín bi í bóyá òun lè pè é, kí ẹni tó bá pè sì ti ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, kí a má tún máa bẹ̀rẹ̀ látorí "ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?" Tí a bá sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, kí ẹ kọ ohun tí a fẹnu kò sí ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú: iye owó, ọjọ́, orúkọ ẹni tó bá mi sọ ọ́. Iléeṣẹ́ tó bá ní òun kò lè kọ ohun tí òun fẹnu ṣèlérí, mo ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ yín sì máa gba èsì.

Tí ẹ bá fẹ́ fèsì sí lẹ́tà yìí, ẹ kọ̀wé. Mo fẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ pé inú bí yín sí ohun tí mo sọ, ẹ pè. Mo máa ń gbé e lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá ti kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Èmi ni,
Oníbàárà yín kan